Ara Ènìyàn Tó Ohun Tí À Ń Kàwé Gboyè Lé Lórí: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Lórí Ẹ̀kọ́ Gíga Nípa Ìṣiṣẹ́ Ara àti Eré Ìdárayá

 

Ẹ̀kọ́ kan wà tí àwọn yunifásítì wa ní Ìbàdàn, ní Èkó àti ní Ìlọrin ń pè ní Human Kinetics, èyí tí í ṣe ìmọ̀ nípa bí ara ènìyàn ṣe ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ó bá ń rìn, tí ó bá ń sáré, tí ó bá ń gbé ẹrù, tàbí tí ó bá ń ṣeré ìdárayá. Ènìyàn lè kọ́ ọ títí yóò fi gba oyè másítà, ó sì lè kọ́ ọ kọjá bẹ́ẹ̀ títí a ó fi máa pè é ní ọ̀mọ̀wé. Bí ọmọ bá wí fún bàbá rẹ̀ pé ìmọ̀ òfin ni òun ń lọ kọ́ síwájú sí i, bàbá yóò wúre fún un. Bí ó bá wí pé ìmọ̀ ìṣègùn ni, ìyá yóò kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Elédùmarè. Ṣùgbọ́n bí ó bá wí pé bí iṣan ṣe ń fà, bí oríkèé ṣe ń ká, àti bí ọkàn ṣe ń lù nígbà tí ènìyàn bá ń gun òkè ni òun fẹ́ fi ọdún púpọ̀ ṣe ìwádìí lé lórí, ilé yóò pa rọ́rọ́, lẹ́yìn náà ni ẹnì kan yóò wá béèrè bóyá bọ́ọ̀lù gbígbá náà ni wọ́n ń gba oyè ọ̀mọ̀wé lé lórí nísinsìnyí. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ pé igi tí a bá fojú rénà ní í gún ni lójú.

N kò ní bínú sí ẹni tí ó bá béèrè bẹ́ẹ̀, nítorí pé àwọn tí ìwé wọn pọ̀ ju tiwa lọ ti sọ èyí tí ó le ju bẹ́ẹ̀ lọ. James Conant, onímọ̀ kẹ́místírì tí ó ti ṣe olórí Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà fún ogún ọdún gbáko, gbé ìwé kan jáde ní ọdún 1963 lórí bí a ṣe ń kọ́ àwọn olùkọ́ ilẹ̀ náà, ó sì sọ nínú rẹ̀, láìfi igbá kan bọ ọ̀kan nínú, pé kí àwọn yunifásítì pa ẹ̀kọ́ gíga lórí eré ìdárayá rẹ́, nítorí pé ohun tí ó rí nínú àwọn ẹ̀kọ́ náà kò tẹ́ ẹ lọ́rùn rárá. Ọ̀rọ̀ yìí ta àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn lára gidigidi. Ṣùgbọ́n Franklin Henry, olùkọ́ ní Yunifásítì California ní Berkeley, kò wá ẹni tí yóò bá jà. Ní ọdún 1964 ó kọ àpilẹ̀kọ kan tí kò gùn, nínú èyí tí ó fi hàn pé ìmọ̀ tí ó dá dúró ni ìmọ̀ yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń yá nǹkan lọ́wọ́ àwọn ìmọ̀ mìíràn. Bí èmi náà ṣe rò ó nìyí: ẹni tí ó kọ́ nípa ẹ̀yà ara mọ orúkọ egungun gbogbo, onímọ̀ físíìsì mọ bí a ṣe ń fi ọ̀pá wọ́ òkúta, onímọ̀ ìrònú ọkàn mọ bí ènìyàn ṣe ń kọ́ ohun tuntun, ṣùgbọ́n ta ni nínú wọn tí yóò jókòó ti ìyá àgbà ẹni àádọ́rin ọdún tí ó fẹsẹ̀ kọ, tí ó ta gọ́ọ́gọ́ọ́, tí kò sì ṣubú, kí ó lè wádìí ohun tí ó mú un dúró láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan náà? Bí kò bá sí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ èyí nìkan, ìbéèrè náà yóò máa wà nílẹ̀ láìní ẹni tí yóò dáhùn rẹ̀.

Òtítọ́ kò ṣeé fi pamọ́, Conant jàre ní apá kan. Ní ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n fi ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kò kọjá bí a ṣe ń to ìdíje àti bí a ṣe ń fọn fèrè lórí pápá, èyí tí kò tó ohun tí ènìyàn ń fi ọdún púpọ̀ kọ́. Ibi tí ó ti ṣì í ni pé ó rí oko tí igbó ti bò, ó sì ní kí á ta ilẹ̀ náà. Ohun kan sì wà nínú ìtàn yìí tí kò yẹ kí á fò dá. Ní Harvard gan-an, láti ọdún 1927 títí di 1947, yàrá ìwádìí kan wà tí a ń pè ní Harvard Fatigue Laboratory, níbi tí David Bruce Dill àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, èémí àti òógùn àwọn ènìyàn tí ń ṣiṣẹ́ títí àárẹ̀ fi mú wọn, tí wọ́n tilẹ̀ gbé irinṣẹ́ wọn gun àwọn òkè gíga ilẹ̀ Chile ní ọdún 1935 láti mọ ohun tí ojú ara ń rí níbi tí afẹ́fẹ́ ti fẹ́lẹ́. Ìgbà tí Conant wà lórí oyè ni wọ́n ti ilẹ̀kùn yàrá yìí. Àwọn tí wọ́n kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ túká lọ sí àwọn yunifásítì mìíràn, wọ́n dá yàrá ìwádìí tiwọn sílẹ̀, ìmọ̀ náà sì tàn kálẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wá wo irú ìbéèrè tí ìmọ̀ yìí ń béèrè, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ọ̀rọ̀ àwọn eléré ìje nìkan ni mò ń sọ.

Ní nǹkan bí ọdún 1949 àti 1950, dókítà kan tí ń jẹ́ Jerry Morris àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ń ṣàkójọ orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ èrò ìlú náà tí àrùn ọkàn kọlù. Alájà méjì ni bọ́ọ̀sì Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà, ènìyàn méjì ló sì ń bẹ nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan: dẹ́rẹ́bà tí ó jókòó sídìí ọkọ̀ láti ìgbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ títí iṣẹ́ fi parí, àti kọ̀ndọ́ tí ń gba owó, tí ń já tíkẹ́ẹ̀tì, tí ń gun àtẹ̀gùn lọ sókè, tí ń sọ̀ kalẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí yóò bá fi padà sílé, ìgbésẹ̀ àtẹ̀gùn tí ó ti gùn á tó 500 sí 750. Ìlú kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbé, ọ̀gá kan náà ni wọ́n ń sìn, èéfín ọkọ̀ kan náà ni wọ́n ń fà símú. Nígbà tí Morris gbé àbọ̀ ìwádìí náà jáde ní ọdún 1953, tí ó kan ọkùnrin tí ó tó 31,000, ohun tí ó wà nínú rẹ̀ mú kí àwọn oníṣègùn jókòó dáadáa: àrùn ọkàn kò mú àwọn kọ̀ndọ́ tó bí ó ṣe mú àwọn dẹ́rẹ́bà, nígbà tí ó bá tilẹ̀ mú wọn, kì í tètè dé, kì í sì í le tó ti àwọn dẹ́rẹ́bà, àwọn tí ó ń pa lójijì nínú wọn kò sì ju bí ìdajì ti àwọn dẹ́rẹ́bà lọ.

Ẹlòmíràn ìbá fi ọpẹ́ fún Ọlọ́run, kí ó gba oyè rẹ̀, kí ó máa lọ sílé. Morris kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè tí mo fẹ́ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà níhìn-ín kọ sí ojú ìwé àkọ́kọ́ nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀: ṣé iṣẹ́ ló sọ dẹ́rẹ́bà di aláìsàn ni, àbí ẹni tí ara rẹ̀ kò fẹ́ le tẹ́lẹ̀ ló yan iṣẹ́ ìjókòó? Báwo ni yóò ṣe mọ̀? Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ni ó ń rán aṣọ iṣẹ́ fún wọn, ìwọ̀n aṣọ náà sì wà nínú ìwé. Morris àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣí ìwé àwọn aránṣọ, wọ́n wo ìwọ̀n ìbàdí ṣòkòtò dẹ́rẹ́bà àti ti kọ̀ndọ́, ọjọ́ orí sí ọjọ́ orí, ìdúró sí ìdúró, wọ́n sì rí i pé ṣòkòtò dẹ́rẹ́bà fẹ̀ ju ti kọ̀ndọ́ lọ, àní láàrin àwọn tí wọ́n ṣì kéré lọ́jọ́ orí. Ní ọdún 1956 wọ́n tẹ ìyẹn náà jáde, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó mú kí ẹ̀rí tiwọn fúnra wọn rọ̀ díẹ̀, nítorí ó fi hàn pé ó ṣeé ṣe kí àwọn méjèèjì ti yàtọ̀ síra kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Wọn kò gbára lé bọ́ọ̀sì nìkan ṣá; wọ́n ti fi àwọn tí ń fi ẹsẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ pín lẹ́tà kiri wé àwọn akọ̀wé àti àwọn tí ń jókòó ti ẹ̀rọ tẹlifóònù, ibi kan náà ni ọ̀rọ̀ sì forí lé. Bí Àjọ Ìlera Àgbáyé bá ń sọ lónìí, nínú ìlànà tí ó gbé jáde ní ọdún 2020, pé kí àgbàlagbà máa fi ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ ṣe ìdárayá tí kò le jù, inú irú ìwé bẹ́ẹ̀, títí kan ìwé ìwọ̀n ṣòkòtò, ni gbòǹgbò rẹ̀ wà. Morris fúnra rẹ̀ lo ọdún 99 láyé. Ọdún 2009 ni ó tó papòdà.

Ìmọ̀ yìí ní ojú mìíràn, èyí tí a kò lè rí nínú ìwé ilé-iṣẹ́ ọkọ̀, àyàfi nínú yàrá ìwádìí. A. V. Hill, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó pín Ẹ̀bùn Nobel ti ọdún 1922 pẹ̀lú Otto Meyerhof ti ilẹ̀ Jámánì nítorí iṣẹ́ wọn lórí iṣan, a máa gbé àpò ńlá kan kọ́ ẹ̀yìn ẹni tí ń sáré lórí koríko ní Manchester, a sì máa gba èémí tí olúwarẹ̀ ń mí jáde sínú àpò náà. Òun gan-an pàápàá gbé e kọ́ ẹ̀yìn, ó sì sáré. Ohun tí ó ń wá ni ìwọ̀n ọ́síjìn tí ó pọ̀ jù lọ tí ara ènìyàn lè gbà lò. Lónìí, ẹ̀rọ ti rọ́pò àpò náà, ṣùgbọ́n ohun kan náà ni à ń wá. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò so bẹ́líìtì kan mọ́ àyà ẹni tí ó fara jìn fún ìdánwò, kí ó lè máa ka bí ọkàn ṣe ń lù. Yóò fi ìbòjú bo imú àti ẹnu rẹ̀ pinpin, yóò fi ìka yí etí ìbòjú náà ká láti mọ̀ bóyá afẹ́fẹ́ ń jò. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ ìsáré yóò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tí yóò máa yára sí i, tí yóò sì máa ga níwájú bí ẹni ń gun òkè. Nítorí pé ẹnu olùsáré wà nínú ìbòjú, kò lè sọ̀rọ̀. Ìka ni yóò máa fi tọ́ka sí pátákó tí Gunnar Borg ti ilẹ̀ Sweden ṣètò, tí nọ́ńbà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 6 dé 20, láti fi bí iṣẹ́ náà ṣe le tó lára rẹ̀ hàn. Bí a bá sì fi mẹ́wàá sọ nọ́ńbà náà di púpọ̀, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ bá iye ìgbà tí ọkàn ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ dá ń lù ní ìṣẹ́jú kan mu. Ọ́síjìn yóò máa gòkè bí eré ti ń yára, títí dé ibi kan tí eré yóò yára sí i tí ọ́síjìn kò sì ní gòkè mọ́. Ibẹ̀ ni òpin agbára onítọ̀hún. Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ mọ ibẹ̀ dájú, kí ó sì dá ẹ̀rọ dúró kí ẹsẹ̀ olùsáré tó yẹ̀. Ẹ̀mí ènìyàn ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tí ìwọ̀n yìí lè fi hàn ń dẹ́rù bani. Ní ọdún 1966, ní ìlú Dallas ní Amẹ́ríkà, ọ̀dọ́mọkùnrin márùn-ún, ẹni ogún ọdún, gbà láti dùbúlẹ̀ lórí ibùsùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí ọgbọ̀n ọdún kọjá, wọ́n wá àwọn márààrún rí, wọ́n sì tún wọn wọ̀n: ọ̀sẹ̀ mẹ́ta orí ibùsùn yẹn ti ba agbára wọn jẹ́ ju ohun tí ọgbọ̀n ọdún ọjọ́ orí bà jẹ́ lọ. Mo fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tí ó bá ní aláìsàn nílé, tí ó ń sọ fún un pé kí ó má ṣe mira, rántí àwọn márùn-ún náà.

Èyí tí ó wù mí jù nínú gbogbo rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ adúláwọ̀. Àìrìnjìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ní ọdún 1986, àwọn olùwádìí kan, tí Maloiy, Heglund àti Taylor wà lára wọn, gbé àbọ̀ iṣẹ́ jáde lórí àwọn obìnrin Luo àti Kikuyu ní ilẹ̀ Kenya, tí wọ́n ti ń ru ẹrù láti kékeré. Àtàrí ni àwọn Luo ń ru tiwọn sí, àwọn Kikuyu sì ń fi okùn kọ́ ọ mọ́ iwájú orí kí ó lè sùn sí ẹ̀yìn wọn. Àwọn olùwádìí ní kí àwọn obìnrin náà máa rìn lórí ẹ̀rọ, wọ́n ń wọn ọ́síjìn tí àwọn obìnrin náà ń lò, wọ́n sì ń fi ẹrù kún ẹrù. Títí dé ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ara wọn, ẹrù náà kò ná wọn ní nǹkan kan: obìnrin tí ó wọn kílò 60 lè ru kílò 12, kí ọ́síjìn tí yóò lò má sì ju ti ìgbà tí ó ń rìn lọ́wọ́ òfo lọ. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọkùnrin ológun tí wọ́n gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ sẹ́yìn. Ní ọdún 1995, Heglund àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá sọ ohun tí ó fà á: ara ẹni tí ń rìn a máa gòkè, a sì máa sọ̀ kalẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan bí jangirọ́fà, agbára a sì máa ti ibi gíga bọ́ sínú ìyára, a tún padà sókè, nínú ìpààrọ̀ yìí ni púpọ̀ nínú wa ti ń pàdánù agbára, ṣùgbọ́n bí a bá gbé ẹrù lé àwọn obìnrin wọ̀nyí lórí, ohun tí wọ́n ń pàdánù a máa dín kù.

Mo mọ̀ pé inú ọ̀pọ̀ yín ti ń dùn. Ẹ fara balẹ̀ ná. Nígbà tí àwọn mìíràn tún gbé irú ìdánwò yìí tọ àwọn obìnrin ilẹ̀ South Africa lọ, tí wọ́n sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní ọdún 2010, ohun tí wọ́n rí kò bá ti ìṣáájú mu: ẹrù fúyẹ́ fún àwọn kan, ó wúwo fún àwọn mìíràn, kò sì sí òfin kan tí ó kárí gbogbo wọn. Èwo ni kí á gbà? Ọ̀rọ̀ náà ṣì wà nílẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni mo sì ń darí yín bọ̀. Ní ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn, alárù ń di òṣùká, wọ́n ń bá a gbé àpò àgbàdo lé orí, ó ń gba àárín èrò kọjá, ọrùn rẹ̀ ń nà, ojúgun rẹ̀ ń gbọ̀n. Ìwọ̀n wo ni ẹrù náà lè dé kí egungun ọrùn tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ? Ṣé òṣùká tí ó nípọn sàn ju èyí tí ó fẹ́lẹ́ lọ? Ìgbà mélòó lóòjọ́ ni ó yẹ kí ó sinmi? Ìbéèrè ẹ̀kọ́ gíga nìyí, ìbéèrè tí ó tó oyè ọ̀mọ̀wé, ẹ̀yìn ilé wa ló sì wà.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ gbà mí láyè kí n sọ èyí tí ó ń dùn mí. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa tí wọ́n wá gba oyè másítà nínú ìmọ̀ yìí kò fọwọ́ kan ara ènìyàn kan títí wọ́n fi ṣe tán. Wọ́n tẹ ìwé ìbéèrè, wọ́n pín in fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wọn, wọ́n bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n fẹ́ràn eré ìdárayá, wọ́n ṣírò ìdáhùn, wọ́n dì í níwèé. Mo mọ̀ pé owó ẹ̀rọ pọ̀, mo mọ̀ pé iná kì í dúró. Ṣùgbọ́n aago oníṣẹ́jú-àáyá, ìwọ̀n ilẹ̀, téèpù ìwọ̀n aṣọ, àti àtẹ̀gùn kò gbówó lórí, ìwé ìwọ̀n ṣòkòtò ni Morris sì fi ṣe tirẹ̀. Ohun mìíràn tún ni ti òǹkà tí a ń yá lò. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ wa bá fún awọ apá ènìyàn láàrin ẹnu irinṣẹ́ láti mọ ọ̀rá tí ó wà lára rẹ̀, òǹkà tí Durnin àti Womersley ṣe ní ọdún 1974 láti ara àwọn ènìyàn tí wọ́n wọ̀n ní Glasgow ni ó sábà máa ń lò; nígbà tí ó bá fẹ́ mọ ibi tí lílù ọkàn lè dé, yóò yọ iye ọdún onítọ̀hún kúrò nínú 220, bí ẹni pé òfin tí ó ti ọ̀run wá ni. Ṣòkòtò àgbàbọ̀ kò yẹ ọmọ ènìyàn, bí kò bá fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣo ni. Rẹ́gírẹ́gí ni ohun ẹni ń bá ni mu. Kí akẹ́kọ̀ọ́ wa wọn àwọn ènìyàn wa, kí ó mọ̀ bóyá òǹkà àjèjì náà bá wọn mu tàbí kò bá wọn mu, kí ó sì kọ èyí tí ó bá rí sílẹ̀, ìbáà dùn mọ́ alábòójútó rẹ̀, ìbáà má dùn mọ́ ọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ìfẹ́ sí eré ìje, n kò gbàgbé yín. Nígbà tí Tóbi Amúsàn, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, fi ìṣẹ́jú-àáyá 12.12 sáré ọgọ́rùn-ún mítà eléyìí tí a ń fo ìdènà ní Eugene ní ọdún 2022, tí kò sì sí obìnrin kan rí tí ó ti sáré tó bẹ́ẹ̀ nínú eré náà, ìdènà mẹ́wàá ni ó fò, mítà 8.5 ni ó wà láàrin ìdènà kan sí èkejì, ẹsẹ̀ mẹ́ta péré ni a sì ń gbé láàrin wọn. Bí ìgbésẹ̀ bá gùn jù, yóò sún mọ́ ìdènà jù. Bí ó bá kúrú, yóò jìnnà sí i. Ọmọ wa tí ó bá fẹ́ mọ bí a ṣe ń tọ́ ẹni tí yóò tẹ̀lé e, iṣẹ́ ń dúró dè é nínú ìmọ̀ yìí.

Ní ti akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò gba ìbéèrè Bódìjà, mo ní àṣẹ díẹ̀ fún un. Kí ó kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda ìgbìmọ̀ tí ń rí sí ẹ̀tọ́ ènìyàn nínú ìwádìí ní yunifásítì rẹ̀. Kí ó sì lọ rí ìyálọ́jà àti olórí àwọn alárù, kì í ṣe pẹ̀lú lẹ́tà nìkan, bí kò ṣe pẹ̀lú ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀ tí ó tọ́ sí àgbà. Kí ó ka ìwé ìfohùnṣọ̀kan náà sí alárù létí ní èdè tí ó gbọ́, ìbáà ṣe Yorùbá, ìbáà ṣe Haúsá, kí ó sì jẹ́ kí ó mọ̀ pé ó lè sọ pé òun kò ṣe mọ́ nígbàkígbà, láìsí ìbínú. Kí ó san owó àkókò tí alárù bá pàdánù nídìí ìdánwò, nítorí owó oúnjẹ ọmọ rẹ̀ ni. Nígbà tí ó bá sì ti parí, kí ó tó gbé àpilẹ̀kọ náà lọ sí ilé ìkàwé, kí ó padà sí ọjà ní ọ̀sán tí ẹrù bá dín kù, kí ó sọ fún wọn ohun tí òun rí nípa ọrùn àti ẹ̀yìn wọn, àti ìwọ̀n ẹrù tí ó yẹ kí wọ́n máa pín sí méjì, kí ó sì jókòó gbọ́ ìbéèrè tí wọ́n bá bi í.